Ẹ̀jẹ́ Màámi Lọ́rùn Mi

Ọjọ́ Ìsinmi, 6 Ọkitóbà 2024

Màámi já mi léèékánná nítan lónìí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ènìyàn.

Pásítọ̀ Ọláwuyì ń kéde lọ́wọ́ ni. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ wa sílẹ̀ ní Bàrígà, ọkùnrin nìkan là ń rán lọ kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀ ní sẹ́mínárì Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìpàdé ìjọ ti fẹnu kò báyìí pé bí Ọlọ́run bá pe obìnrin, a ó rán obìnrin. Ẹnì kan ṣoṣo la ó rán lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé Ọlọ́run pe òun, kó wá rí òun ní ọ́fíìsì. Kó tó gbé máíìkì sílẹ̀, èékánná Màámi ti wọ̀ mí lára.

A délé, kò tíì tú gèlè tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìtàn náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi: bó ṣe wà nílé Bàámi ní Ṣakí títí láìrọ́mọ bí, bó ṣe lọ dojú bolẹ̀ níwájú àga ìwàásù, tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ, ọmọ náà á dúró lórí àga yẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀. Ọlọ́run gbọ́. Ó fún un ní èmi. Nígbà tí wọ́n rí i pé obìnrin ni, pásítọ̀ ìgbà náà ní kí wọ́n kúkú fi mí sínú ẹgbẹ́ akọrin, Ọlọ́run á gbà á bẹ́ẹ̀. Ohùn mi kò dára. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ mọ̀.

"Moyọ̀sọ́lá, ẹ̀jẹ́ ọdún mọ́kàndínlógójì rèé o. Mo ti lé ní àádọ́rin, ọgọ́rin ló kù tí mò ń wò. Ṣé o fẹ́ kí n gbé ẹ̀jẹ́ Ọlọ́run wọ sàréè ni?"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ gbé ìrẹsì kaná. Ó rẹ̀ mí. Ó ti ń rẹ̀ mí láti bí ọdún mẹ́ta, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Ìdí tí mo fi ra ìwé yìí ní Onípánù lánàá nìyẹn, kí n lè mọ ibi tí ọjọ́ mi ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Ọkitóbà

Ìwé ètò ìsìnkú la ń dì láti àárọ̀ níbi ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Ká a, tò ó, dì í, gé etí ẹ̀. Òkú náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ojú bébà ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà. Àwọn ará Ṣómólú kì í dákẹ́: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní iwájú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ẹ̀yìn, jẹnẹrétọ̀ láàárín. Ní nǹkan bí ọ̀sán ni ọ̀gá wa ní kí wọ́n pa tiwa, pé dísẹ́lì ti wọ́n jù, ká dúró de iná ìjọba. Ràmọ́nù tó ń tẹ ìwé nà sórí bébà, ó ní, "Àǹtí Moyọ̀, ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ Ọlọ́run, ẹ bá wa bẹ NEPA."

Iná kò dé. Mo délé, mo rí i pé Màámi ti gbé orúkọ mi lọ fún Pásítọ̀. Kò bi mí. Ó dúró kí n lọ síbi iṣẹ́ tán, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ. Inú bí mi. Mo jẹ ẹ̀bà mi láìfọhùn. Òun náà kò fọhùn, ṣùgbọ́n ó ń fi imú kọ orin, orin ẹni tó ti borí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Ọkitóbà

Mo lọ rí Pásítọ̀ kí n lè fa orúkọ mi yọ. N kò fà á yọ.

Ó gbé àga fún mi, ó pín bisikíìtì rẹ̀ sí méjì. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó rẹ òun náà. Ó là á sílẹ̀ fún mi: ìwàásù ìdánwò ní ọjọ́ kẹwàá Nofẹ́ńbà, ìgbìmọ̀ á pè mí lẹ́yìn ẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ kẹrìnlélógún, n ó dúró níwájú ìpàdé ìjọ, n ó jẹ́rìí. Ẹ̀rí méjì ni. Èkíní, ọjọ́ tí mo gba Jésù. Èkejì, ọjọ́ tí Ọlọ́run pè mí síṣẹ́, ibi tó ti pè mí, àti bó ṣe pè mí. Àwọn ọmọ ìjọ á wá na ọwọ́ bí wọ́n bá gbà á gbọ́.

Ti èkíní kò le. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n rì mí bọmi, omi wọ mi nímú, mo sunkún, mo sì mọ̀ pé mo di tirẹ̀. N kò ṣiyèméjì lórí ìyẹn títí dòní. Ti èkejì ni n kò ní.

Mo ní, "Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o, sà."

Ó ní, "Ẹ ò tíì tẹ́tí ni. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ dákẹ́ níwájú Rẹ̀. Ó ku oṣù kan àti ààbọ̀."

Ohun tí kò jẹ́ kí n fa orúkọ mi yọ nìyí, kí n kọ ọ́ síbí kí n má bàa tan ara mi: èmi náà fẹ́ gbọ́. Ta ni kì í fẹ́ mọ ohun tí Ọlọ́run dá òun sáyé fún? N kò lọ́kọ, n kò bímọ, etí ìwé ẹlòmíràn ni mò ń gé. Tó bá jẹ́ ohun tí mo wá ṣe gan-an nìyí, kó sọ fún mi kí n sinmi. Tó bá jẹ́ òmíràn, kó sọ fún mi kí n dìde. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń pa mí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọkitóbà

Òjò láti ìdájí. Màámi sáré jáde láti ká aṣọ tí mo sá mọ́jú. Ewéédò ti hù sórí símẹ́ǹtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ó yọ̀, ó ṣubú, kò lè dìde.

Ràmọ́nù ló bá wa gba mọ́tò ọ̀gá. Láti Ladi-Lak nítòsí ilé wa dé ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, orí itan mi ni orí ẹ̀ wà, gbogbo gálọ́ọ̀pù ló ń jẹ ẹ́ níyà. Wọ́n ya fọ́tò. Egungun ìbàdí ti kán.

Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ lórí ibùsùn onítáyà, ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. Mo rò pé ó fẹ́ bèèrè oògùn ìrora ni. Ó ní, "Ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, pásítọ̀ ni."

Ọjọ́rú, 23 Ọkitóbà

Iṣẹ́ abẹ lónìí. Mo jókòó síta láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé. Mo ní, "Olúwa, bí O bá dá Màámi sí..." Mo tètè pa ẹnu dé. Díẹ̀ ló kù kí n jẹ́ ẹ̀jẹ́. A ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tó nínú ilé wa.

Ó jí. Omi ló kọ́kọ́ bèèrè, èkejì ni pé ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìwàásù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 27 Ọkitóbà

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sùn lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Nofẹ́ńbà

Ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀. Mo máa ń kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo máa ń wọnú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo máa ń jókòó síwájú. Lónìí mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa láti kékeré: "Máa wí, Olúwa, ìránṣẹ́bìnrin Rẹ ń gbọ́." Mo dákẹ́. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lójúlé kejì. Mo gbọ́ adìyẹ. Mo gbọ́ inú ara mi tó ń kùn. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, torí mo sùn lọ fọnfọn.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló tọ́ mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀, mo fẹ́ gbá abẹ́ àga."

Gbogbo wọn ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà ní ìkòríta, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa rárá, náà pè mí bẹ́ẹ̀ lánàá. Orúkọ ti dé, ẹni tó ni ín ni kò tíì dé.

Ọjọ́rú, 6 Nofẹ́ńbà

Àkókò kàlẹ́ńdà ti wọlé. Gbogbo ìjọ, gbogbo ilé-ìwé, gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló fẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹntiróò ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà kan lítà, bébà ń gorí bébà. Tòmátì mẹ́rin tí mo rà fún ọbẹ̀ Màámi, ńṣe ni mo gbé wọn bí ẹyin.

Ràmọ́nù bi mí pé báwo ni ìpè ṣe máa ń rí.

Mo ní, "Èmi gan-an ò mọ̀."

"Ṣé ó máa ń dún bíi fóònù ni, àbí ẹ máa ń lálàá?"

"Ràmọ́nù, mo ní mi ò mọ̀."

Ó ní, "Tiwa rọrùn jù. Ládàánì á pè ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, pẹ̀lú gbohùngbohùn. Kò sí wàhálà pé bóyá èmi ló ń bá wí." Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́ẹ̀ sunkún, ó gba ìwé tí mò ń ká lọ́wọ́ mi, ó bá mi ká a.

Ọjọ́ Ìsinmi, 10 Nofẹ́ńbà

Mo ti wàásù.

Símónì ará Kírénè ni mo mú. Ọkùnrin tó ń ti oko bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀, tí wọ́n dá dúró lọ́nà, tí wọ́n gbé àgbélébùú tí kì í ṣe tirẹ̀ lé léjìká. Mo bi wọ́n pé ta ló bi Símónì bóyá ó fẹ́? Mo bi wọ́n pé nígbà tí ó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ló sọ fún ìyàwó ẹ̀? Mo di àga ìwàásù mú ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Àwọn ìyá sunkún. Àwọn ọ̀dọ́ gbé fóònù sílẹ̀. Díákónì Adébọ̀dé, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, fi ìka lu àga lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo wọn ní ìwàásù ni wọ́n gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹjọ́ ara mi ni mò ń rò.

Ẹnì kan ti fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún Màámi. Mo dé wọ́ọ̀dù, ó ti gbọ́ ọ tán, ó ti jẹ́ kí wọ́n gbé e káàkiri ibùsùn mẹ́fà. Ojú ẹ̀ ń dán. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí Màámi kó fi irú ojú yẹn wò mí rí. Mo sì fẹ́ ẹ. Kí n má purọ́: mo fẹ́ kó máa wò mí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Nofẹ́ńbà

Ìgbìmọ̀. Wọ́n jẹ́ márùn-ún, wọ́n fi kóòkì tútù sí iwájú mi. Díákónì Adébọ̀dé ló ń bèèrè ọ̀rọ̀.

"Arábìnrin, ìgbà wo ni Ọlọ́run pè yín?"

Mo ní, "Mo ṣì ń tẹ́tí ni, sà."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ńṣe ló ń ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ fi ara balẹ̀. Ẹ̀bùn wà, gbogbo wa ló rí i. Ẹ̀jẹ́ ìyá yín ńkọ́? Ìyẹn gan-an, ìpè ni. Àtinú oyún ni wọ́n ti pè yín. Ẹ tò ó dáadáa kẹ́ ẹ sọ ọ́ níwájú ìjọ. Tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Mo ní, "Tí ẹni tó rán ni ò bá tíì sọ̀rọ̀ ńkọ́, sà?"

Pásítọ̀ Ọláwuyì wolẹ̀. Díákónì ní kí n mu kóòkì mi kó má bàa gbóná.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo ro irọ́ náà wò. Kò ní le. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbọ́ ọ. Tí mo bá sọ pé mo gbọ́ ohùn nínú òjò, kò sẹ́ni tó máa ní òjò ò rọ̀. Màámi á kú pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi náà á kúrò nínú eruku bébà, wọn á máa kí mi. Irọ́ kan ṣoṣo ni, gbogbo ènìyàn á sì ṣàǹfààní ẹ̀, àyàfi Ọlọ́run tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pa á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Nofẹ́ńbà

Wọ́n dá Màámi sílẹ̀. Ó ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn, ìgbésẹ̀ kan, ó sinmi, ìgbésẹ̀ kan, ó sinmi. Mo wẹ̀ fún un. Mo ra ẹja, mo fi se ọbẹ̀. Mo fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn ń dùn mí débi pé ìdúró ni mo fi jẹun.

Ọjọ́rú, 20 Nofẹ́ńbà

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ó tó dàrú mọ́ mi lójú.

Mo tètè dé láti Ṣómólú. Màámi jókòó lórí ibùsùn ẹ̀, ó ní kí n wá jókòó, kí n jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀rí mi. Mo ní n kò ní ẹ̀rí. Ó ní òun mọ̀, òun ló fẹ́ kọ́ mi. Bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀.

Ó ní, "Sọ pé o lọ pọnmi ni. Kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ pé ọyẹ́ mú, ọwọ́ ẹ ti kú, o wá gbé korobá sílẹ̀ kó o lè fi ọwọ́ ra ọwọ́. Sọ pé kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Ohùn náà ò pariwo o, má sọ pé ó pariwo, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀yìn etí báyìí ló ti wá. Bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ràn ẹ bá dúró lẹ́yìn ẹ. Ó ní, 'Wá sọ ọ̀rọ̀ mi fún wọn.' Ìyẹn nìkan. O wá wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kan, ewé máńgòrò nìkan ló ń já sílẹ̀. O fẹ́ gbé korobá, o ò lè gbé e. Kì í ṣe pé ó wúwo. Ọwọ́ ẹ ni kò fẹ́ gbé nǹkan mìíràn mọ́."

Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ lórí itan ẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ta ni ohùn yẹn bá sọ̀rọ̀?"

Àwọn ọmọ ojúlé kejì ń ṣeré bọ́ọ̀lù lára ògiri wa, gbọ̀ù, gbọ̀ù. Mo tún un bèèrè.

Ó ní, "Èmi ni."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ní Ṣakí. Ó sáré lọ sọ fún bàbá ẹ̀, bàbá ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá bá òun rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ́ fún Bàámi títí Bàámi fi kú. Nígbà tí kò rọ́mọ bí, ó rò pé ìyà ìpè tí òun kò jẹ́ ni. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ nìyẹn: bí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ, ọmọ náà á lọ dípò òun. Ọkùnrin ló ní lọ́kàn. Wọn kì í fi ọkùnrin rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Màámi, ẹ fẹ́ kí n lọ jẹ́ ẹ̀rí yín."

Ó bínú. Ó ní, "Ṣé o jí i ni? Mo fún ọ ni! Aṣọ mi, tìẹ ni. Ilẹ̀ bàbá mi ní Ṣakí, tìẹ ni. Kí ló dé tí èyí ò fi ní jẹ́ tìẹ? Èmi ti darúgbó. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo jáde lọ jókòó sí àtẹ̀gùn. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń rò pé etí mi ló di.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Nofẹ́ńbà

Kàlẹ́ńdà. Mo gé ìka. Ràmọ́nù fi sẹ́lótéèpù dì í.

Màámi kò bá mi sọ̀rọ̀ àyàfi "gbé omi wá".

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Nofẹ́ńbà

Mo lọ aṣọ mi, mo lọ ti Màámi. Ó takú pé òun máa lọ. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré: "Ṣé wàá sọ ọ́?" Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ sì ni, n kò mọ̀. Sámúẹ́lì gbọ́ Ọlọ́run, ó rò pé Élì ni. Èmi gbọ́ ìyá mi títí, mo ń rò pé Ọlọ́run ni.

Ọjọ́ Ìsinmi, 24 Nofẹ́ńbà

Ìpàdé ìjọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Ooru mú, fáànù méjì ló ń yí nínú mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ Ìyá ti gbé Màámi jókòó sí iwájú, wọ́n fi irin ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó wọ aṣọ funfun bí ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi.

Wọ́n pè mí. Mo jẹ́ ẹ̀rí èkíní, omi tó wọ mi nímú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Díákónì Adébọ̀dé ní, "Ẹ sọ ti ìpè yín fún wa báyìí."

Mo la ẹnu. Ìtàn kànga náà wà ní ọ̀fun mi látòkè délẹ̀, ọyẹ́ àti korobá àti ewé máńgòrò. Mo wo Màámi. Ètè ẹ̀ ti ń mì, ó ń bá mi sọ ọ́ lọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́run ò tíì pè mí. Mo gbààwẹ̀, mo tẹ́tí, mo tún sùn lọ níbi tí mo ti ń tẹ́tí. Tó bá pè mí, màá wá sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbí tí Ó pè kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀ ń ránṣẹ́ sí mi ni, ìyá mi ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí iṣẹ́ náà."

Màámi fi etí gèlè bo ojú. N kò bi í kí n tó gbé orúkọ ẹ̀ jáde. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti pa á.

Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ó tẹ̀ ba, ó ní, "Màámi, ṣé òótọ́ ni?" Màámi nawọ́, kì í ṣe sí máíìkì, sí irin ẹ̀. Ó dìde. Àwọn ìyá fẹ́ dì í mú, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan, ó sinmi. Ìgbésẹ̀ kan, ó sinmi. Ó yíjú sí wa.

Ó sọ ọ́. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ohùn tó wá lẹ́yìn etí, korobá tí ọwọ́ ẹ̀ kọ̀. Ó ní òun sọ fún bàbá òun, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ èyí tí kò sọ fún mi: ó lọ bá pásítọ̀ wọn, pásítọ̀ gbọ́ ọ dáadáa, ó sì ní kó lọ fẹ́ pásítọ̀, ìyẹn náà á tó.

Díákónì Adébọ̀dé dìde. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Màámi, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ wà nínú ìjọ yìí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Màámi wò ó, láìbínú. Ó ní, "Díákónì, ta ló bi mí?"

Bàbá jókòó.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Ẹni tí a fẹ́ rán kò ní ìpè, ẹni tó ní ìpè kò lè gun àtẹ̀gùn. Pásítọ̀ di máíìkì mú bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ ọlọ́mọ gbé. Ibẹ̀ ni Màmá Rebecca, tó dàgbà ju Màámi lọ, tó máa ń sùn ní gbogbo ìpàdé, na ọ̀pá ẹ̀ sókè láti ẹ̀yìn.

"Mo dábàá."

Pásítọ̀ ní, "Kí lẹ dábàá, mà?"

"Mo dábàá pé Ọlọ́run pè é."

Ẹnì kan ní, "Mo tì í lẹ́yìn." Ẹlòmíràn tún ní, "Mo tì í lẹ́yìn!" Pásítọ̀ nu ojú, ó ní bí àṣà wa ṣe rí, ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó na ọwọ́. Mo wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ lókè, ọwọ́ àwọn ìyá, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó na ọwọ́. Ti Díákónì Adébọ̀dé ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó na án tán pátápátá. Mo na tèmi. Màámi dúró síbẹ̀, ó di irin ẹ̀ mú, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò gbà gbọ́ pé àwa ni.

Ọjọ́ Ajé, 25 Nofẹ́ńbà

Ó rẹ̀ mí débi pé bàtà ni mo wọ̀ sùn.

Màámi kò sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lánàá, kò sọ̀rọ̀ nílé. Mo rò pé ìbínú ni. Láàárọ̀ yìí mo gbé ògì fún un, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Moyọ̀, ẹ̀jẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé kò ní wà lọ́rùn ẹ?"

Mo ní, "Ẹ̀jẹ́ náà ní kí n dúró dípò yín, Màámi. Ẹ̀yin fúnra yín ti dúró níbẹ̀."

Ó ronú sí i títí ògì fi dì. Ó wá ní, "Wọ́n na ọwọ́ o." Ó ní, "Àní wọ́n na ọwọ́."

Pásítọ̀ ti wá. Ó ní ọjọ́ ìsinmi kejì nínú Disẹ́ńbà, kí Màámi wá wàásù, wọn á gbé àga fún un. Bó ṣe jáde ni àyà Màámi já. Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ, pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù nínú òun, bóyá ó ti kan. Ìgbà tí mo fi ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ti ń wá awò ojú ẹ̀ kiri, ó ń bú awò náà.

Àyè sẹ́mínárì ṣì ṣófo. Ẹlòmíràn á gbà á. Ràmọ́nù béèrè pé ṣé mo wọlé, mo ní n kò wọlé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gé kàlẹ́ńdà, àǹtí." A gé kàlẹ́ńdà.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ alẹ́ fún Màámi, ó bi mí pé, "Ìwọ wá ńkọ́?" Kò bèèrè bí ẹni tó ní ìdáhùn nínú àpò. Mo ní n kò tíì mọ̀. Ó mi orí, ó ní kí n jẹun.

N kò tíì mọ̀ lóòótọ́. Bóyá màá mọ̀, bóyá n kò ní mọ̀. Láti bí oṣù méjì ni n kò ti kúnlẹ̀ láìbi Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀, kí Ó lè dá mi lóhùn. Lálẹ́ yìí mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, n kò bi Í ní nǹkan kan. Mo ní, "Bàbá, ó dàárọ̀," mo sì sùn.